Kàyé Mẹ́ta Tí A Dáná Sun Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bí mo ṣe di òǹkọ̀wé. Ẹni tó bá bi mí ní gbangba, mo ní ìdáhùn kan tí mo máa ń fún un. Ìdáhùn náà dùn, kò sì ní irọ́ nínú. Mo máa ń sọ pé ẹ̀pà ló sọ mí di òǹkọ̀wé. Wọn a rẹ́rìn-ín, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ kọ síbí, torí pé ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti gbọ́ ọ lọ́dún yìí, ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì já sí kò jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà náà.

Kí n kọ́kọ́ parí ti ẹ̀pà. Àdúgbò Kalley ni wọ́n bí mi sí ní Niamey, olú ìlú Niger, nínú ilé alámọ̀ kan tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kún bámú. Bàbá mi ń ta aṣọ ní ọjà Maourey. Ní ìkóríta tó sún mọ́ ilé wa, obìnrin kan láti ẹ̀yà Zarma máa ń ta ẹ̀pà yíyan, ojú ewé ìwé ló fi ń wé e. Ibi tó ti ń rí ìwé náà, mi ò mọ̀: ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ti kún, ìwé ìròyìn, ìwé ìtàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. N ó da ẹ̀pà sọ́wọ́ àwọn àbúrò mi, n ó tẹ́ ìwé sórí itan, n ó máa kà á. Ìtàn á bẹ̀rẹ̀ láàárín, á sì tún parí láàárín. Ọkùnrin kan á ti gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó fẹ́ ṣí i, ìwé á tán. Lọ́jọ́ kejì n ó padà lọ ra ẹ̀pà, bóyá n ó rí ìyókù. Mi ò rí i rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í parí ìtàn fúnra mi, tí mò ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún àwọn àbúrò mi. Ìyá mi ní ẹ̀pà ni òun ní kí n jẹ, òun ò ní kí n jẹ ìwé.

Kò sí ohun tó ní lẹ́tà tí mo lè gbójú fò. Mo ka ara páálí ṣúgà. Mo ka ìwé pélébé tó máa ń bá oògùn ibà wá. Mo ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí etí aṣọ nínú ìsọ̀ bàbá mi, àwọn oníbàárà á dúró, wọn á máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Faransé ni gbogbo rẹ̀. Ní ilé kéwú, mo ń ka Lárúbáwá lórí wàláà, mo ń pè é já gaara, mi ò sì mọ ohun tí mò ń pè. Yorùbá nìkan ni mi ò rí kà. Yorùbá la fi ń kíni, òun ni wọ́n fi ń bá wa wí, Yorùbá tiwa yẹn náà sì ti lú mọ́ Zarma àti Haúsá débi pé àwọn ẹbí tó bá ti ilé wá máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́kàn mi, mo ti gbà pé kì í ṣe èdè tí èèyàn ń kà.

Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ń gbé pẹ̀lú wa. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wá sí Niamey nínú ẹbí wa, wọ́n sì ti fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún bàbá mi. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti kírun alásárì, wọ́n á jókòó sábẹ́ ìbòòji tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé kàyé lé orúnkún, wọ́n á máa kọ̀wé láti ọ̀tún sí òsì. Kàyé là ń pe ìwé tí à ń kọ nǹkan sí, ẹnu àwọn Faransé la ti mú un. Mẹ́ta ni ti Bàbá Àgbà, wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bo ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé àdúrà ni wọ́n ń kọ. Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ bá gbóná á gbé ọmọ wá, á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kàyé kan orí rẹ̀. Bàbá Àgbà á kọ́kọ́ ké Fátíà, wọ́n á wá fi kàyé kan orí ọmọ, ẹ̀rín á wà lójú wọn. Nínú ilé wa, ẹni tí kò bá ṣe àlùwàlá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwọn kàyé náà. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ni.

Láàárín Bàbá Àgbà àti bàbá mi, nǹkan kan wà tí kò gún régé. Kì í ṣe ìjà. Bàbá mi máa ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn láràárọ̀, bàbá mi ló ń ra oògùn wọn, òun ló ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kì í jókòó tì wọ́n. Ojúṣe ló ń ṣe, kò bá wọn ṣeré. Tí àlejò bá dé, tí ọ̀rọ̀ bá di ti àtijọ́, ìtàn kan náà ni bàbá mi máa ń sọ. Ó ní òun ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ lọ́jọ́ tí Bàbá Àgbà gun ọkọ̀ akẹ́rù kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà, òun ń pè wọ́n, títí òun fi ṣubú, tí eékún òun bó. Ọdún mẹ́wàá gbáko kọjá kí òun tó tún fojú kàn wọ́n. "Wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn," ni ó fi máa ń parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ni ó máa ń fi í sọ, àwọn àlejò náà á sì rẹ́rìn-ín. Tí Bàbá Àgbà bá wà níbẹ̀, wọ́n á tẹ ojú mọ́ tẹ̀sùbáà ọwọ́ wọn. Èmi tí mo wà ní kékeré, inú mi kì í dùn sí ẹ̀rín yẹn.

Mo ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí Bàbá Àgbà rán mi lọ mú awò ojú wọn nínú yàrá. Ìgbà ọyẹ́ ni, afẹ́fẹ́ eléruku ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti ṣí kàyé òkè sílẹ̀ lórí pákó. Mo mọ̀ pé mi ò ṣe àlùwàlá. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n mú awò kí n jáde. Ṣùgbọ́n ìwé ṣíṣí ni, èmi sì ni. Mo gun àpótí, mo rí Bísímílà lókè ojú ewé, mo kà á. Mo bọ́ sí ìlà tó tẹ̀lé e, mo pè é bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé kéwú, kò jọ Lárúbáwá kankan tí mo ti pè rí. Mo tún un pè, mo fà á díẹ̀, ni ahọ́n mi bá gbé e: òní gbóná, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo rántí ọbẹ̀ ìyá mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́tà kéwú ni Bàbá Àgbà fi ń kọ Yorùbá, bí àwọn àáfáà àtijọ́ kan ti máa ń ṣe nílé. Kò sí àdúrà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni, ó wà nínú ìwé, ẹnì kan nínú ilé wa ló sì kọ ọ́. Mi ò tíì ka nǹkan kan láti ọjọ́ náà tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, tó sì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, Jímọ̀ ni mò ń ṣọ́. Tí àwọn ọkùnrin bá ti lọ sí mọ́sáláṣí, tí èmi ọmọbìnrin kù sílé, tí ìyá mi ń dáná lẹ́yìn ilé, n ó ṣe àlùwàlá, n ó wọ yàrá Bàbá Àgbà. Mo ti mọ̀ pé kò sí ohun mímọ́ kan níbẹ̀ tó ń béèrè àlùwàlá, síbẹ̀ mò ń ṣe é, ọkàn mi ò balẹ̀ láìṣe é. Kò yá kà. Èèyàn ní láti máa pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́nu títí ọ̀rọ̀ á fi jáde. Mo kà nípa afárá Jẹ́bà, mo kà nípa òùngbẹ ojú ọ̀nà Gaya, ìlú tó wà ní ẹnubodè Niger, mo kà nípa yàrá kan ní Maourey tí ọkùnrin méje jọ ń gbé. Mo kà pé Bàbá Àgbà kórìíra aṣọ títà, pé ojú máa ń tì wọ́n láti máa pe oníbàárà. Mo kà nípa obìnrin kan ní Gaya tí wọ́n fẹ́ràn tí wọn ò sì gbé níyàwó. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mi ò gbọ́ rí pọ̀ níbẹ̀, mo sì máa ń lọ bi ìyá mi bíi pé níta ni mo ti gbọ́ ọ.

Nínú kàyé kejì, tádàwá yí padà láti dúdú sí búlúù, ojú ewé àkọ́kọ́ tó jẹ́ búlúù ni ọ̀rọ̀ nípa bàbá mi wà. Mo kà á débi pé mo mọ̀ ọ́n sórí. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ ọ́:

"Ọmọ mi sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí mo bá wẹ̀yìn, mi ò ní lè lọ mọ́, nítorí náà mi ò wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé Ìlọrin mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí ọkọ̀ máa lọ. Mo jókòó sí ibùdókọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì, mò ń sunkún lójú àwọn èèyàn. Mo fẹ́ padà. Ojú tì mí láti padà lọ́wọ́ òfo. Mo gun ọkọ̀ mìíràn. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti wà lọ́dọ̀ mi, mi ò sì mọ bí bàbá ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ."

Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi ti ń dúró dè láti ọmọ ọdún mẹ́fà nìyẹn, ó wà lórí pákó ní yàrá kejì sí tirẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀. Bàbá mi mọ Fátíà àti àwọn súrà kéékèèké sórí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n kà, ẹnu ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó yẹ kí n sọ fún un. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á nà mí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú ju ìyẹn lọ: mo fẹ́ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀. Òjòwú ni ẹni tó fẹ́ràn ìwé. Ó máa ń rò pé tòun nìkan ni ìwé tó bá wọ òun lọ́kàn, pé bí ẹlòmíràn bá kà á, yóò dín kù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo wọlé, mo rí i pé àwọn kàyé náà ò sí lórí pákó òkè mọ́. Wọ́n ti wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ mi ti lè tó wọn láìgun àpótí. Mi ò bi Bàbá Àgbà léèrè. Mo rò ó nígbà yẹn pé ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n tí wọn ò fi lè nàgà mọ́. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí.

Ìgbà ooru ni Bàbá Àgbà papò dà, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di àdúà ọjọ́ kẹjọ, àgbàlá wa kún: àwọn àgbà Yorùbá ti wá láti Maourey àti àdúgbò Lazaret, àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Zarma náà wá. Àáfáà ilé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ṣe àdúrà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹnì kan béèrè pé báwo la ó ti ṣe àwọn kàyé. Bàbá mi gbé wọn jáde. Ó kọ́kọ́ nà wọ́n sí àgbà Zarma kan, alfaga, ìyẹn àáfáà, mọ́sáláṣí àdúgbò wa, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bàbá arúgbó náà ṣí kàyé, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ṣí ojú ewé mìíràn. Ó pa á dé, ó fi í kan iwájú orí rẹ̀. Ó fi Haúsá sọ fún gbogbo ìjókòó pé lẹ́tà yìí ṣeé kà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ga ju òun lọ. Ó ní àṣírí ni, irú èyí tí Ọlọ́run máa ń fún àwọn tó jinlẹ̀. Ó ní kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé tàbí kí ewúrẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí a dáná sun ún pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a da eérú rẹ̀ sódò. Ó nà án sí àáfáà tiwa. Àáfáà tiwa yìí, ìlà kan péré ló kù kó kà kó mọ̀ pé èdè ìyá rẹ̀ ni. Kò ṣí i. Àgbà ti sọ̀rọ̀. Bó bá ṣí i, tí kò sì yé òun náà ńkọ́, lójú gbogbo èèyàn? Ó fi í kan iwájú orí tirẹ̀ náà, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Wọ́n gbé àdògán eléèédú wá sí àárín àgbàlá. Wọ́n ní ọmọ tí olóògbé bí ni kó fi ọwọ́ ọ̀tún ya á, ewé kọ̀ọ̀kan, kó máa ṣe Bísímílà. Èmi jókòó láàárín àwọn obìnrin, kò jìnnà sí iná. Mo sọ fún ara mi pé, tó bá dé kàyé kejì, n ó dìde. Ó dé kàyé kejì. Mo rí tádàwá dúdú, dúdú, dúdú, lẹ́yìn náà mo rí búlúù. Bàbá mi dúró díẹ̀, ó wo ewé náà bí èèyàn ṣe ń wo ojú àjèjì, ó ní Bísímílà, ó fi í sínú iná.

Mi ò dìde. Mo ti bi ara mi nídìí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọmọdé ni mí, obìnrin ni mí, àgbà ti sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kì í ṣe àdúrà, gbogbo ìyá tó ti gbé ọmọ wá fún kàyé ni n ó dójú tì, n ó sì bọ́ ẹ̀wù ọ̀wọ̀ kúrò lára Bàbá Àgbà lọ́jọ́ kẹjọ wọn. Gbogbo ìyẹn jẹ́ òótọ́, kò sì sí èyí tó tu mí nínú nínú wọn. Bàbá mi gbé eérú náà lọ sí Odò Ọya nínú igbá tuntun. Nígbà tó dé, orí rẹ̀ wú, ó sọ fún ìyá mi pé òun ò mọ̀ pé bàbá òun jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo mú kàyé ìṣirò mi, mo yí i padà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá, lẹ́tà Faransé ni mo fi kọ ọ́ bí ó ṣe ń dún létí mi. Ojú ewé búlúù ni mo kọ́kọ́ kọ, ìyẹn péye, kò yẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan. Àwọn yòókù ò péye. Mo rántí òùngbẹ, mi ò rántí ẹni tó fún wọn lómi, mo bá wá ẹnì kan fi síbẹ̀. Mo rántí obìnrin Gaya, mi ò rántí ojú rẹ̀, mo bá fún un ní ojú. Olùkọ́ mi na mí nítorí kàyé náà. Mo ra òmíràn. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo lọ ka ìwé ní Ìbàdàn, mo kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá bó ṣe yẹ, mo padà sí Niamey, mo ti kọ ìwé mẹ́rin. Bàbá mi mọ̀ pé ìtàn ni mò ń kọ. Tí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, a ní ó máa ń jókòó pa ìtàn, wọ́n sì ń san nǹkan fún un.

Lọ́dún yìí, bàbá mi ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo máa ń lọ kí i ní Lazaret lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ kan àlejò wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó tún sọ ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tó dé ibi "wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn", ẹ̀rín náà ò jáde mọ́, omi ló jáde lójú rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ náà pé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo mú kàyé ìṣirò náà dání, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: Jímọ̀, àlùwàlá, àdògán, ẹnu mi tí mi ò là. Lẹ́yìn náà mo ka ojú ewé búlúù fún un, díẹ̀díẹ̀, láìfi kún un, láìyọ kúrò.

Ó ní kí n tún ibi Ìlọrin kà. Mo tún un kà. Ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ mi kàn.

"O kọ ọ́ dáadáa," ló wí.

"Bàbá, èmi kọ́. Bàbá Àgbà ni wọ́n kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn."

"Mo gbọ́. O rí i pé ó ń dùn mí, o sì wá ìtàn tí á tù mí nínú. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ọlọ́run á gbè ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kí ó fún mi ní Kùránì ilé, kí n gbé ọwọ́ lé e kí n búra. Bàbá mi mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń fọwọ́ pa mí lórí bíi pé èmi ni mo ṣubú lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní kí n fi Kùránì sílẹ̀, ó ní a kì í búra lórí ìtàn.